Dróònù onífáíbà àbí dróònù ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá (AI): èwo ló yẹ ojú ogun Ukraine?

Ẹ̀rọ tó ń dí ìgbì rédíò lọ́wọ́ ló fa ìbéèrè yìí. Tí dróònù tí wọ́n ń fi rédíò darí bá ti fò rẹlẹ̀ sún mọ́ ohun tó fẹ́ kọlù, àwòrán á já, ó di kó forí sọlẹ̀.

Dróònù onífáíbà, tí wáyà onígíláàsì so mọ́ ẹni tó ń darí rẹ̀ dípò rédíò, kò mọ ìyẹn. Rọ́ṣíà ló kọ́kọ́ lò ó rẹpẹtẹ, ní 2024. Wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìpẹja ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀, kìlómítà 10 sí 20 lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán sì ń mọ́ kedere títí dé òpin. Ó lè balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kó máa ṣọ́ ọkọ̀. Àmọ́ bí wáyà bá ṣe gùn tó ni bọ́ǹbù tó lè gbé ń kéré tó. Wáyà ń há sórí igi, ó ń já, ọ̀tá sì lè tọ̀ ọ́ dé ibùba awakọ̀ dróònù náà.

Ohun tó wà nínú dróònù ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá tó ń darí ara rẹ̀ kò ju kọ̀ǹpútà kékeré àti kámẹ́rà lọ. Awakọ̀ á sàmì sí ọkọ̀ láti nǹkan bíi mítà 500. Bí rédíò bá já, dróònù á parí iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Èéfín àti ọkọ̀ onípákó tí wọ́n fi ń tanni jẹ máa ń ṣì í lọ́nà. Èyí tó burú jù lójú tèmi: bí aráàlú bá bọ́ síwájú rẹ̀ lẹ́yìn tí rédíò ti já, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ abúlé tí èèyàn ṣì ń gbé, tàbí fún ìbùba lójú ọ̀nà, fáíbà ni. Nínú igbó, tàbí fún ọkọ̀ ogun tó ń sáré níbi tí wáyà kò lè dé, ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá ni.