Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra lathe sílé, ẹ wo spíìdì ìsàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo tòkè

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Kabba, Mopa, Ìsánlú àti agbègbè ẹ̀, ọ̀kun o. Lathe lẹ̀rọ tó máa ń yí igi kéèyàn lè fi ṣísẹ́ẹ̀lì gbẹ́ ẹ. Lathe kékeré oníbọ́tìnnì, èyí téèyàn lè yí spíìdì ẹ̀ bó ṣe wù ú, ni mo fi ń gbẹ́ abọ́ àti èèkù àdá lẹ́yìnkùlé mi, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tẹ́ni tó ń tà á ò ní sọ fún yín.

4000 ni wọ́n máa ń fi polówó ẹ̀, pé ó ń yí tó ìgbà 4000 ní ìṣẹ́jú kan. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Báírò àti nǹkan tín-ín-rín nìyẹn wà fún. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ abọ́, spíìdì tó kéré jù ni kó bèèrè. Tèmi bẹ̀rẹ̀ láti 250, nígbà tí mo gbé ìtì ìrókò tútù sí i tí apá kan ẹ̀ wúwo ju èkejì lọ ni mo mọ̀ pé owó mi ò ṣòfò, torí ká ní 600 ló ti ń bẹ̀rẹ̀ ni, tòun ti tábìlì ni ì bá máa jó kiri ilé. Mo rọra yí bọ́tìnnì, bó ṣe fẹ́ máa gbọ̀n mo dá a padà, bó ṣe ń rí róbótó mo ń fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Ìṣirò táwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí máa ń lò ni pé kẹ́ ẹ ka fífẹ̀ igi ní íǹṣì lọ́nà spíìdì, kó bọ́ sáàárín 6000 sí 9000. Igi íǹṣì 12, ó di 500 sí 750. Igi tí ò bá tíì rí róbótó, ẹ lọ sísàlẹ̀ jùyẹn lọ.

Àwọn kan á ní oníbọ́tìnnì ò nílò kéèyàn máa sún bẹ́líìtì, ìyẹn èyí tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ síbi tó ń yí igi, mọ́. Irọ́ ni o! Tẹ́ ẹ bá fi bẹ́líìtì síbi spíìdì ńlá tẹ́ ẹ wá fi bọ́tìnnì fà á wálẹ̀, ẹ́ńjìnì ò ní lágbára, ṣísẹ́ẹ̀lì á kàn wọlé díẹ̀ báyìí, igi á dúró gbagidi. Ẹ sún bẹ́líìtì síbi tó kéré jù, ẹ máa rí ìyàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, 110 volt lọ̀pọ̀ ẹ̀, tiwa sì ju 220 lọ nígbà míì, ẹ ka ohun tó wà lára ẹ́ńjìnì kẹ́ ẹ tó sanwó. Bọ́ọ̀dù tó ń darí spíìdì ò fẹ́ iná tó ń lọ sókè sódò rárá, ẹ sì mọ bí iná wa ṣe rí lálẹ́, torí náà sítébíláísà pọn dandan.

Ibi tí ò ti tẹ́ mi lọ́rùn ni gígùn ẹ̀. Igi tó gùn ju íǹṣì 16 lọ ò lè wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ tábìlì oúnjẹ sì máa ń tó íǹṣì 28, ọ̀tọ̀ lẹ ó san owó irin tí wọ́n fi ń mú un gùn sí i. Ẹ̀yin káfíńtà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ tábìlì lẹ fẹ́ máa yí fún kọ́sítọ́mà, ẹ má rà á. Ẹni tí abọ́ àti èèkù bá ń wù, kó rà á láìwẹ̀yìn, àmọ́ kó ra gíláàsì ìbojú àti nose mask mọ́ ọn, torí eruku ìrókò ò dáa fún imú àti àyà rárá.