Ìkòkò Wà Lọ́wọ́ Ta? Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́ta fún Vegan Tó Fẹ́ Ra Ìrìn-àjò Orí Òkè

Tí o bá jẹ́ vegan, tí o kì í jẹ ẹran, ẹja, ẹyin, wàrà tàbí oyin, tí o sì fẹ́ sanwó ìrìn-àjò tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ gun òkè fún ọjọ́ mélòó kan, má ṣe kọ́kọ́ wo bí òkè náà ṣe rẹwà tó. Béèrè ọwọ́ ẹni tí ìkòkò máa wà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sábà ń gbà ta irú ìrìn-àjò yìí, ọwọ́ tí ìkòkò sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀.

Alásè tó ń bá yín gòkè

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kilimanjaro nìyí, òkè tó ga ní mítà 5,895 ní Tàǹsáníà. Òfin ibẹ̀ kò gbà kí èèyàn gùn ún láìsí atọ́nà, nítorí náà gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni wọ́n máa ń tà fún ọ: atọ́nà, alágbàárù, àgọ́ àti alásè. Ó tuni lára. Ohun tí o máa lò lọ́jọ́ náà nìkan ni èjìká rẹ ń ru, oúnjẹ gbígbóná sì ń dúró dè ọ́ nírọ̀lẹ́. Àmọ́ ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń ra oúnjẹ náà. Ohun tí wọ́n bá gbàgbé, kò sí ibi tí wọ́n ti máa rí i lókè.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi lórí òkè mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tí mo sanwó fún kọ̀wé sí mi pé àwọn ti gbọ́, kò sí wàhálà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí alásè tó ń bu ìyẹ̀fun wàrà sínú ọ́ọ̀tì gbígbóná, ṣíbí ńlá mẹ́ta, ó ń rò ó, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí mi pé tèmi ni òun ń sè. Kì í ṣe ẹ̀bi ọkùnrin náà. Ohun tí wọ́n sọ fún un ni pé àlejò kan kì í jẹ ẹran. Ìrẹsì funfun àti kárọ́ọ̀tì ni mo fi parí ọjọ́ mẹ́rin tó kù, ebi sì pa mí débi tí ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n.

Látìgbà náà, mi ò kọ ọ̀rọ̀ náà “vegan” nìkan mọ́. Mo máa ń to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: kò sí ẹran, kò sí omi ẹran nínú ọbẹ̀, kò sí ẹyin, kò sí wàrà yálà olómi tàbí ìyẹ̀fun, kò sí bọ́tà, kò sí oyin. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ní kí wọ́n fi ètò oúnjẹ ránṣẹ́, ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ilé-iṣẹ́ tí kò bá lè fi í ránṣẹ́, má tíì fún wọn lówó.

Ilé àlejò lójú ọ̀nà

Ní Nepal, ilé àlejò kéékèèké pọ̀ lójú ọ̀nà tó lọ sí Annapurna Base Camp, ibùdó tó wà nísàlẹ̀ òkè Annapurna, ní mítà 4,130. Ibẹ̀ lo máa sùn, ibẹ̀ lo máa jẹ. Dal bhat ni oúnjẹ ojoojúmọ́ wọn: ìrẹsì, ọbẹ̀ ẹ̀wà lẹ́ńtìl àti ewébẹ̀, wọ́n sì sábà máa ń bù kún un tí o bá jẹ ẹ́ tán. Ghee, ìyẹn bọ́tà yíyọ́ wọn, nìkan ló yẹ kí o ní kí wọ́n yọ kúrò. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èyí àti ti alásè ni pé tí wọ́n bá ṣi ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́ lónìí, oúnjẹ kan ló bàjẹ́, kì í ṣe gbogbo ìrìn-àjò. Lóòótọ́, bí o bá ṣe ń gòkè sí i ni ohun tí o lè rí jẹ ń dín kù. Síbẹ̀, èyí ni mo máa gba ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ níyànjú láti rà.

Kí o ru tìẹ

Kò sí ẹni tó máa bu wàrà sí ìkòkò tó wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹrù ni ìṣòro. Gíráàmù ọ̀rá kan ń fúnni ní kálórì 9, ti ìrẹsì tàbí ẹ̀wà gbígbẹ kò ju bíi 4 lọ, nítorí náà ẹ̀pà àti òróró ló yẹ kó gba àyè jù nínú àpò. Omi náà tún ń yí padà: bí o bá fi nǹkan bíi mítà 300 gòkè, ìwọ̀n tí omi fi ń hó á fi bíi digíríì kan lọ sílẹ̀. Ní mítà 4,000, bíi digíríì 87 ló ti ń hó. Ẹ̀wà lásán kò ní tètè rọ̀ níbẹ̀, gáàsì rẹ á sì tán. Lẹ́ńtìl pupa tí wọ́n ti là, tàbí ohun tí o ti sè tí o sì sá gbẹ nílé, ni kí o gbé.

Oúnjẹ gbígbẹ inú àpò náílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń tà fúyẹ́, ó sì yá, àmọ́ ó wọ́n ju èyí tí o fọwọ́ ara rẹ sá lọ. Iye kálórì ni kí o wò, kì í ṣe iye èèyàn tí wọ́n kọ sí i lára. “Ti èèyàn méjì” kì í sábà yó ẹnì kan tó ti rìn látàárọ̀.

Gáàsì kì í wọ bàálù, níbi tí o ń lọ ni kí o ti rà á. Tó bá jẹ́ Ọsirélíà tàbí New Zealand lò ń lọ, kéde gbogbo oúnjẹ tó wà nínú ẹrù rẹ fún àwọn aṣọ́bodè.

Àpò ìsùn

Èyí tí wọ́n fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kún fúyẹ́ jù, àmọ́ tó bá ti rin gbingbin, kò ní móoru mọ́. Èyí tí wọ́n fi òwú àtọwọ́dá kún wúwo díẹ̀, ó sì gba àyè, síbẹ̀ ó máa ń móoru díẹ̀ nínú ọ̀rinrin, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré. Fún vegan, kò sí ohun tí a ń rò níbẹ̀: òwú àtọwọ́dá ni.

Bàálù

Nígbà tí o bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, VGML, ìyẹn àmì tí wọ́n fi ń pe oúnjẹ vegan, ni kí o yàn fún oúnjẹ. Wàrà àti ẹyin lè wà nínú VLML, ti àwọn tí kì í jẹ ẹran àmọ́ tí wọ́n ń jẹ wàrà àti ẹyin, lẹ́tà kan péré ló sì fi wọ́n yàtọ̀.