Láti Ìkòròdú dé TBS: Ọ̀nà BRT Lójú Ẹni Tí Kò Ní Ibi Tí Ó Ń Lọ

Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, àwọn ọ̀rẹ́ mi a máa lọ wo bọ́ọ̀lù, èmi a sì máa lọ wọ ọkọ̀ èrò. N kì í lọ kí ẹnikẹ́ni, n kì í sì í lọ ra ohunkóhun. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé kí n wọ ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà kan, kí n jókòó ti fèrèsé títí dé òpin rẹ̀, kí n kọ ohun tí mo rí sínú ìwé pélébé kan, kí n sì fún ọ̀nà náà ní máàkì nínú 10. Ìyàwó mi ní owó tí mo ti ná sórí eré yìí ti tó ra kẹ̀kẹ́ Márúwá, n kò sì bá a jiyàn. Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo ti gùn nílùú Èkó, èyí tí mo tíì gùn jù lọ ni ti BRT, ọkọ̀ èrò ńlá tí ó ní ọ̀nà tirẹ̀ lójú títì, láti Ìkòròdú dé Tafawa Balewa Square, tí gbogbo ayé ń pè ní TBS, òun ni mo sì fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n rán pọ̀ di ọ̀kan. Èyí àkọ́kọ́, láti Mile 12 dé CMS ní Erékùṣù Èkó, tí ó tó nǹkan bí kìlómítà 22, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2008, nígbà tí Babatunde Fashola wà lórí àlééfà gẹ́gẹ́ bí gómìnà. Apá ti Ìkòròdú sí Mile 12 dé ní ọdún 2015, nígbà ìjọba Akinwunmi Ambode. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ṣí yóò mọ ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Láti Ìkòròdú, àárín títì gan-an ni ọ̀nà BRT gbà, àwọn èrò sì gbọ́dọ̀ gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀. Lẹ́yìn Mile 12, ọ̀nà náà yà sí ẹ̀gbẹ́, ó ń rìn lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù àti ilé ìfowópamọ́, pèpéle kọnkéré tí kò ga ju orúnkún lọ ni ó sì pààlà láàárín rẹ̀ àti àwọn ọkọ̀ yòókù. Pèpéle kékeré yìí ni gbogbo iyì ọ̀nà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí ó bá wà, ọkọ̀ wa ń lọ geerege nígbà tí àwọn aládàáni ń gbá orí mọ́ sítíárì. Níbi tí ó bá ti pin, pàápàá lórí Afárá Èkó, ọkọ̀ BRT náà di ọkọ̀ bí ọkọ̀, ó ń tò lẹ́yìn dáńfó bí ẹni tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń san owó, kò sí kọ̀ńdọ̀ tí yóò máa ké pé “Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!” Ẹni tí ó bá mọ dáńfó dáadáa yóò mọ̀ pé ìtura ńlá ni èyí, nítorí kò sí ẹni tí yóò fi náírà kan so ẹ̀yin àti àjèjì pọ̀ bí tọkọtaya, kí ẹ jọ máa wá ẹni tí yóò bá yín ṣẹ́ owó lábẹ́ oòrùn. Síbẹ̀, káàdì náà ní wàhálà tirẹ̀. Ní Sátidé tí ó kọjá, màmá kan wọlé ní Mile 12 pẹ̀lú ọ̀rá dúdú tí ata rodo kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Ó fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà kọ̀ ọ́. Ó tún fi kàn án, ó tún kọ̀. Ó gbójú sókè, ojú wa ṣe mẹ́rin.

“Dákun, ọmọ mi, bá mi fi tìẹ kàn án, mo máa fún ẹ lówó ẹ.”

“Kò sí wàhálà, mà.”

Ó ka owó náà lé mi lọ́wọ́, ó sì mú ata rodo mẹ́fà lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ènì. Báyìí ni èmi tí mo jáde láti lọ gbafẹ́ ṣe gbé ata dé Erékùṣù Èkó, tí mo sì tún gbé e padà wálé.

Bí ẹ bá fẹ́ gbádùn ìrìn àjò náà, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ jókòó sí. Ní àárọ̀, ọwọ́ òsì ni oòrùn ti máa ń yọ sí yín bí ẹ bá ń lọ sí Erékùṣù, ọwọ́ ọ̀tún kan náà sì ni àwọn ohun tí ó dára jù lọ láti wò wà. Ẹ ó kọ́kọ́ kọjá omi Májídùn, lẹ́yìn náà Owódé Onírin, tí irin àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ pọ̀ bíi yanrìn, kí òórùn tòmátò Mile 12 tó gba inú ọkọ̀. Ní Ọjọ́ta ni ère Gani Fawehinmi, agbẹjọ́rò ajàfẹ́tọ̀ọ́ nì, dúró sí, nínú pápá tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ti pé jọ ní oṣù Kíní ọdún 2012 nítorí owó epo bẹntiróòlù. Láti Maryland dé Fádèyí ni mo fẹ́ràn jù. Ibẹ̀ ni pèpéle ti ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bí iṣẹ́: láàárín Ọ̀bánìkórò sí Onípanu nìkan, ọkọ̀ 41 ni mo kà tí a kọjá, dírẹ́bà wa kò sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ìyẹn ni pápá ìṣeré ńlá ti Sùúrùlérè, níbi tí Nàìjíríà ti na Algeria ní 3-0 láti gba ife Áfíríkà ní ọdún 1980. N kò lè kọjá ibẹ̀ kí n má yọjú wò ó. Ní Costain, ẹ ó rí gbọ̀ngàn eré Ìgànmú tí ó dà bí fìlà sójà, èyí tí wọ́n kọ́ nítorí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn èèyàn dúdú ti ọdún 1977, tí ó sì ń jẹ́ orúkọ Wole Soyinka láti ọdún 2024. Bí ẹ bá gun Afárá Èkó, ẹ ó rí ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ní èbúté Àpápá, bí ẹ bá sì ṣe oríire, ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 yóò máa bá yín gòkè omi lọ.

Bí ẹ bá rí i, mo ní. Nítorí ẹjọ́ kan ṣoṣo tí mo ní láti rò nìyí, tí n kò sì ní dárúkọ ẹni tí ó ni ọkọ̀: wọ́n ti lẹ ìpolówó bo fèrèsé àwọn ọkọ̀ kan láti òkè délẹ̀, ihò wínníwínní ni ẹni tí ó wà nínú ń gbà wòde, tí gbogbo Àpápá á wá dà bí ohun tí èèyàn ń fi asẹ́ wò. Ẹni tí ó ń lọ síbi iṣẹ́ lè má bìkítà, oorun ni yóò sùn. Èmi a máa sọ̀ kalẹ̀ dúró de ọkọ̀ mìíràn. Ẹ má sì dán ọ̀nà yìí wò láti Ìkòròdú ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àfi bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ìlà ṣe ń gùn tó. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, ẹ ó rí ìjókòó tí ẹ fẹ́.

Òpin ọ̀nà náà ni pápá tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin láyé òyìnbó, tí wọ́n sì ti gbé àsíá Nàìjíríà sókè nígbà òmìnira ọdún 1960. Ẹṣin funfun mẹ́rin àti ẹyẹ idì pupa méje ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo dúró síwájú wọn, mo kọ 8 sínú ìwé mi, mo rántí fèrèsé, mo pa á, mo kọ 7. Lẹ́yìn náà mo wọ ọkọ̀ padà sí Ìkòròdú, ọwọ́ òsì ni mo sì jókòó sí.