Àwòrán inú ihò àpáta: ká fi han ọmọ lórí fóònù ni, àbí kó fọwọ́ ara rẹ̀ yà á?

Fóònù ló yá jù. Kíá, ọmọ ti rí màlúù àti ẹṣin inú ihò Lascaux nílẹ̀ Faransé, tí wọ́n yà ní nǹkan bí ọdún 17,000 sẹ́yìn. Láti 1963 ni wọ́n ti ti ihò náà mọ́ àlejò, torí èémí èèyàn ń ba àwòrán ibẹ̀ jẹ́. Àmọ́ ojú ọmọdé kì í pẹ́ lórí fọ́tò. Kàtúùn ni yóò béèrè.

Ọ̀nà kejì dọ̀tí, òun ni mo sì fara mọ́. Ẹ lọ ilẹ̀ pupa kúnná, ẹ pò ó mọ́ omi. Kí ọmọ tẹ́ ọwọ́ lé bébà funfun, kí ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ta á yí ọwọ́ náà ká. Tó bá gbé ọwọ́ kúrò, ojú ibẹ̀ á funfun, bí ibi tí ẹ̀kọ bò lára àdìrẹ ẹlẹ́kọ Ìtòkú. (Àwọn ará àtijọ́ náà ya ọwọ́ báyìí sára ihò àpáta, ẹnu ni wọ́n sì fi ń fẹ́ ọ̀dà tiwọn, ẹ má jẹ́ kí ọmọ dán ìyẹn wò.)

Lẹ́yìn náà, ẹ mú un lọ sábẹ́ Olúmọ, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà ogun, kó rí bí inú àpáta ṣe rí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dà dúró sílé o!