Abẹ́rẹ́ àlẹ́jì tí mo ti ń gbà fún ọdún mẹ́ta: ohun tójú mi rí

Houston, l'Amẹ́ríkà, ni mò ń gbé. Nígbà tí mo wà n'Íbàdàn, ọyẹ́ nìkan ló máa ń dà mí láàmú, ìyẹn náà ò ju kí n wúkọ́ díẹ̀ lọ. Àmọ́ látọdún kejì tí mo débí, tó bá ti di oṣù kẹta báyìí, tí lẹ́búlẹ́bú igi oak bá ti ń já bọ́, tí gbogbo ara mọ́tò á di yẹ́lò, mo gbé nìyẹn. Màá sín títí àyà á fi máa dùn mí, ojú á máa yún mi, imú á dí pa, oorun ò ní sí. Mo lo Zyrtec, ìyẹn oògùn àlẹ́jì oníhóró, mo fín oògùn Flonase símú, wọ́n ń ṣiṣẹ́ o, àmọ́ tí mo bá ti fi wọ́n sílẹ̀ fọ́jọ́ méjì, ó tún ti dé nìyẹn.

Dókítà ní kí n gba abẹ́rẹ́ àlẹ́jì, àmọ́ ká kọ́kọ́ ṣe tẹ́ẹ̀sì ká lè mọ ohun tó ń bá mi jà. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mi ò gbọdọ̀ lo Zyrtec rárá, ọ̀sẹ̀ yẹn le gan-an. Wọ́n wá fi nǹkan ṣóńṣó kan sọ ẹ̀yìn mi káàkiri, kò ju ìṣẹ́jú 20 lọ, ibi oak wú, ibi ragweed, ìyẹn irú koríko kan, wú, àmọ́ ti kòkòrò inú eruku, èyí tó máa ń wà nínú bẹ́ẹ̀dì àti pílò, òun ló wú jù. Ó yà mí lẹ́nu, torí igi ni mo ti ń bú látọjọ́ yìí!

Bí abẹ́rẹ́ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ohun tó ń bá yín jà náà ni wọ́n á bomi là, tí wọ́n á máa fi gún yín, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tó fúyẹ́ jù, wọ́n á máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí ara á fi mọ̀ ọ́n lára. Màmá mi ń bẹ̀rù lórí fóònù pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ fi mí dánra wò, mo ní ẹ fọkàn balẹ̀ Mọ́mì, láti 1911 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Leonard Noon ti kọ̀wé nípa ẹ̀ ní London.

Abẹ́rẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ò dùn èèyàn, abẹ́ awọ lẹ́yìn apá ni, ibẹ̀ á kàn wú, á máa yúnni bíi pé ẹ̀fọn jẹni. Àsìkò ló ń jẹ. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ fún bí oṣù méje kó tó di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ìnṣọ́ránsì ń san àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni mo ń san copay, ìyẹn owó tó kan èmi fúnra mi. Mo lọ sílé lọ sin bàbá ìyàwó mi, mo lò tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ìgbà tí mo padà dé wọ́n dín ìwọ̀n ẹ̀ kù, a tún bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè yẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, 30 ìṣẹ́jú tí wọ́n ní kẹ́ ẹ fi jókòó lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ jókòó. Lóṣù kẹrin mo ń kánjú lọ síbi iṣẹ́, nọ́ọ̀sì ò gbà kí n lọ. Kò ju bí ìṣẹ́jú 20 lọ tí àtẹ́lẹwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ara mi sú, ọ̀fun mi ń fún. Wọ́n gún mi ní epinephrine, abẹ́rẹ́ tó ń dá irú àlẹ́jì líle bẹ́ẹ̀ dúró, nítan kíá, wọ́n dá mi dúró fún wákàtí mélòó kan. Kì í sábà ṣẹlẹ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ orí títì márosẹ̀ I-10 ló ti ká mi mọ́ ńkọ́, tèmi tàwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn mọ́tò? Mo ṣì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn.

Tẹ́ ẹ bá ní asthma (ikọ́ fée), tàbí ẹ̀ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń pè ní beta-blocker, ẹ tètè sọ fún wọn. Aboyún kì í bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kì í sì í ṣe fún àlẹ́jì oúnjẹ o, ẹni tí ẹ̀pà tàbí edé ń bá jà, tiẹ̀ yàtọ̀.

Odindi ọdún kan ni mi ò fi rí ìyàtọ̀ tó ṣe gúnmọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi sílẹ̀. Àmọ́ oṣù kẹta ọdún yìí, èmi fúnra mi ni mo fọ yẹ́lò yẹn kúrò lára mọ́tò níta gbangba, mo sín bí ẹ̀ẹ̀mẹta péré, mo wọlé, mo sùn. Mo ṣì máa ń lo Zyrtec lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Dókítà ní ó lè tó ọdún márùn-ún ká tó dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbà á tán, ẹ bá mi sọ, ṣé ó padà wá?