Fíríìjì àbí Táǹkì Naitirojín: Èwo Lẹ Máa Rà fún Àtọ̀ Ẹja Àrọ̀?

Abo àrọ̀ ṣe é tẹ nínú kó da ẹyin, akọ rẹ̀ kò ṣe é tẹ bẹ́ẹ̀. Pípa la máa ń pa á ká tó yọ àpò àtọ̀ rẹ̀. Bí abo bá wá kọ̀ tí kò da ẹyin lálẹ́ ọjọ́ yẹn, akọ ti lọ lásán. Ohun tó ń mú kí àwọn tó ń mú ọmọ ẹja jáde tà máa wá ibi tí wọ́n lè tọ́jú àtọ̀ sí nìyẹn. Naitirojín tí à ń sọ níbí ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n mú tutù títí tó fi di omi.

| | Fíríìjì | Táǹkì naitirojín |
|---|---|---|
| Òtútù | 4°C | −196°C |
| Bó ṣe ń pẹ́ tó | nǹkan bí ọjọ́ kan | ọ̀pọ̀ ọdún |
| Ìnáwó lẹ́yìn rírà | iná | naitirojín tí a ó máa rọ kún un |

Fún fíríìjì, ẹ fi tíṣù nu ẹ̀jẹ̀ àti omi kúrò lára àpò àtọ̀, kí ẹ gbé e sínú ike gbígbẹ tó ní àyè afẹ́fẹ́. Omi kò gbọdọ̀ kàn án: ẹ̀kán omi ló ń jí àtọ̀, bó bá sì ti jí, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan lagbára rẹ̀ ti tán. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ lò ó lẹ tó máa gé e, kí ẹ fi omi iyọ̀ 0.9% (ti dírípù) pò ó. Ẹ má gbé e lé yìnyín ní tààrà.

Maikirosíkóòpù ṣáájú ohunkóhun. Ẹ̀kán àtọ̀, ẹ̀kán omi, kí ẹ wò ó lójú ẹsẹ̀. Bí púpọ̀ rẹ̀ kò bá mira, ẹ má fi ẹyin ṣòfò.

Fìríṣà ilé kò lè ṣe iṣẹ́ naitirojín o. Yìnyín ló máa di sínú àtọ̀ náà, á sì ya á. Nítorí èyí, bí a bá fẹ́ lo táǹkì, a máa ń po kẹ́míkà tó ń dáàbò bò ó, methanol tàbí DMSO, mọ́ ọn, nǹkan bí ìdá mẹ́wàá àpòpọ̀, ká tó rọ ọ́ sínú sítírọ́ọ̀ (ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníke) 0.25 tàbí 0.5 ml. Ẹ kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀ sí ojú naitirojín, kí èéfín rẹ̀ mú un tutù fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, kí ẹ tó rì í. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ ti sítírọ́ọ̀ náà bọ omi 40°C fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ dà á sórí ẹyin kíá, torí DMSO náà májèlé ni tó bá pẹ́. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jí, nítorí náà ó máa gbà púpọ̀ ju àtọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lọ.

Ẹni tó ń ta ọmọ ẹja lásán, fíríìjì ti tó o. Táǹkì yẹ ẹni tó fẹ́ pa ìran akọ kan mọ́, bó bá rí ibi tó ti máa ra naitirojín nítòsí. Bí naitirojín bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo rẹ̀ ló bàjẹ́.

Ẹ ra táǹkì ọlọ́rùn tóóró, kì í tètè gbẹ. Iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé naitirojín máa fi wà nínú rẹ̀, ti táǹkì tí ẹnikẹ́ni kò ṣí ni. Ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú iye ọjọ́ náà. Bí ara rẹ̀ bá ń làágùn tàbí tí yìnyín bò ó, òfo tí kò sí afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀, tó wà láàárín ògiri rẹ̀, ti jò, ẹ má rà á. Ìdérí rẹ̀ kò gbọdọ̀ fún pa, torí lítà naitirojín kan ń di nǹkan bíi 700 lítà afẹ́fẹ́. Ẹ má sì gbé e sínú yàrá tí kò ní fèrèsé.