Áńtẹ́nà Rédíò CB Mẹ́ta Lórí Òpó Kan ní Iléṣà

Àwọn tí ó ń lo rédíò CB, ìyẹn rédíò tí aráàlú fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, ní agbègbè Iléṣà àti Ilé-Ifẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni a máa ń bi ara wa nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ ra áńtẹ́nà tí yóò gbé sórí ilé rẹ̀: èwo nínú wọn ni yóò gbé ohùn jìnnà, tí owó tí a ná lé e lórí kò sì ní di òfò? Mo ti gbé irú mẹ́ta sórí òpó kan ṣoṣo ní ẹ̀yìnkùlé mi ní Ìsọ̀kùn, mo sì ti fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n wà ní Òsú, ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà àti ní Mọ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ sọ̀rọ̀. Rédíò kan náà ni mo lò fún gbogbo wọn, wáyà kan náà ni mo lò, gíga òpó náà kò sì kúrò ní mítà 9, nítorí pé ẹni tí ó bá pààrọ̀ áńtẹ́nà tí ó sì pààrọ̀ wáyà lẹ́ẹ̀kan náà kò lè mọ èyí tí ó mú ìyàtọ̀ wá nínú méjèèjì.

Àjọ FCC ti ìjọba Amẹ́ríkà ni ó ya ìgbì 27 MHz sọ́tọ̀ fún aráàlú ní ọdún 1958. Ìkànnì 23 ni ó wà níbẹ̀ kí ó tó di 40 ní ọdún 1977, láti 26.965 MHz títí dé 27.405 MHz. Wáàtì 4 péré ni òfin wọn fi àyè gbà fún ẹni tí ó bá ń sọ̀rọ̀ lórí AM, èyí tí kò tó agbára tí gílóòbù kékeré inú fìríìjì àtijọ́ fi ń tàn. Níwọ̀n bí a kò ti lè fi agbára kún agbára, áńtẹ́nà ni gbogbo ìrètí wa wà lára rẹ̀. Gígùn ìgbì náà tó mítà 11, nítorí náà áńtẹ́nà tí yóò ṣiṣẹ́ dáadáa kò lè jẹ́ ohun kékeré tí a lè fi há ojú fèrèsé. Ní ti òfin orílẹ̀-èdè tiwa, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lo ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ, kí ó má baà di pé ó ń ra ohun tí yóò kó o sí ìjọ̀ngbọ̀n.

Ohun kan tún wà tí ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í yin áńtẹ́nà kan tàbí kí a máa bú òmíràn. Áńtẹ́nà tí ó bá wà ní gíga mítà 9 kò lè rí ju nǹkan bíi kìlómítà 12 lọ kí ayé tó ṣẹ́ kọrọ mọ́ ọn lójú; bí ti ẹnì kejì bá ga bákan náà, àpapọ̀ ibi tí ojú àwọn méjèèjì dé kò ju nǹkan bíi kìlómítà 25 lọ. Láti Iléṣà sí Ilé-Ifẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 30 lójú títì, òkè àti igbó kò sì wọ́n láàárín wọn. Ìdí nìyí tí n kò fi ka Òsú sí ìdánwò gidi, nítorí gbogbo áńtẹ́nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó dé ibẹ̀ láìsí wàhálà. Mọ̀rẹ̀ ni ibi tí a ti lè mọ ìyàtọ̀, nítorí etí ibi tí ohùn ti ń parẹ́ ni ó wà.

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù nínú wọn ni èyí tí mo ṣe fúnra mi. Páìpù alumíníọ̀mù tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn tí ń ṣe fèrèsé ni mo rà. Mo gé ọ̀kan sí mítà 2.62, èyí tí í ṣe ìdámẹ́rin ìgbì lẹ́yìn tí a bá ti dín díẹ̀ kù níbẹ̀ nítorí pé irin ni, mo sì gbé e dúró ṣánṣán sórí ègé páìpù omi oníke tí ó nípọn kí ó má baà kan òpó. Lẹ́yìn náà ni mo fi páìpù mẹ́rin mìíràn ṣe ẹsẹ̀ fún un, tí mo sì da orí wọn kọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí òrùlé ilé. Dída tí a dà wọ́n kọ sísàlẹ̀ kì í ṣe nítorí ẹwà. Bí ẹsẹ̀ wọ̀nyí bá nà gbọọrọ, nǹkan bíi 36 ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) ni rédíò yóò bá pàdé, ṣùgbọ́n bí a bá dà wọ́n bẹ́ẹ̀, yóò sún mọ́ 50 ohm tí rédíò CB ń fẹ́. Míítà SWR mi, tí ó ń sọ bí áńtẹ́nà ṣe bá rédíò mu sí, tí 1.0 sì jẹ́ èyí tí ó dára jù, fi 1.2 hàn ní àárín àwọn ìkànnì, kò sì kọjá 1.5 ní ìkànnì 1 tàbí ní ìkànnì 40. Ní 1.5, ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún agbára péré ni ó ń padà sẹ́yìn, nítorí náà kò sí ìdí tí ẹnikẹ́ni fi yẹ kó máa pàdánù oorun nítorí àtimú un dé 1.0. Ohùn mi dé Mọ̀rẹ̀ lórí áńtẹ́nà yìí, ṣùgbọ́n wọ́n ní láti tẹ́tí sílẹ̀ gidigidi, mo sì máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún ní àdúgbò wọn.

Èkejì ni onífáíbà, tí gígùn rẹ̀ tó ìdajì ìgbì, tí ó sì ju mítà 5 lọ. Inú fáíbà náà ni irin tí ń ṣiṣẹ́ wà. Ọ̀nà mẹ́ta ni a pín in sí, ọwọ́ ni a sì fi ń lọ́ wọn pọ̀. Àwọn tí ó ń ṣe irú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, n kò sì ní dárúkọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ mi, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kan gbogbo àwọn tí a kò fún ní ẹsẹ̀. Ìrọ̀rùn ni ọlá rẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo lè gbé e gun àkàbà, kò gba àyè, kò sì fi bẹ́ẹ̀ dá afẹ́fẹ́ dúró. Ṣùgbọ́n áńtẹ́nà tí kò bá ní ẹsẹ̀ tirẹ̀ yóò wá ẹsẹ̀ níbòmíràn, ara wáyà tí ó so ó mọ́ rédíò ni yóò sì fi ṣe é. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, díẹ̀ lára ohùn náà yóò máa gba ẹ̀yìn wáyà sọ̀ kalẹ̀ wọ inú ilé. Nígbà tí mo tẹ máìkì lórí rẹ̀, ohùn mi jáde ketekete láti inú sípíkà màmá tí ó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, láàárín ètò Orísun FM tí wọ́n ń gbọ́ lọ́wọ́. Màmá jáde wá sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ nínú rédíò mi yẹn?"

Ohun tí ó tán ìṣòro náà kò ná mi ní kọ́bọ̀ kan. Mo wé wáyà náà ní ìgbà 6 sí òrùka tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15, mo fi téèpù dì í, mo sì so ó kọ́ sí abẹ́ ibi tí wáyà ti wọ áńtẹ́nà gan-an. Òrùka yìí ni ó ń dí ọ̀nà mọ́ èyí tí ó fẹ́ gba ẹ̀yìn wáyà padà wálé. Sípíkà màmá dákẹ́, ariwo tí èmi náà ń gbọ́ nínú rédíò mi sì dín kù, nítorí pé wáyà tí ń gbé ohùn jáde láìyẹ ni ó tún máa ń kó ariwo ínfátà àti ti gílóòbù LED inú ilé wọlé. Ó yẹ kí irú òrùka bẹ́ẹ̀ jẹ́ ara ohun tí a ń tà pọ̀ mọ́ áńtẹ́nà onífáíbà. Ohun mìíràn tí ó yẹ kí a ṣọ́ ni oòrùn: bó pẹ́ bó yá, yóò bó ara fáíbà, fọ́nrán rẹ̀ wíńníwínní yóò sì máa gún ọwọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí a kun ún ní ọ̀dà tí kò ní irin nínú kí a tó gbé e sókè.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo fẹ́ràn jù, èyí tí gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ìdá mẹ́jọ ìgbì, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 7. Sirio 827 tí wọ́n ń ṣe ní Ítálì jẹ́ ọ̀kan lára irú rẹ̀. Alumíníọ̀mù ni láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, wáyà wíwé kan sì wà ní ìdí rẹ̀ tí ó ń mú un bá 50 ohm mu. Gígùn rẹ̀ yìí ń jẹ́ kí púpọ̀ nínú agbára rẹ̀ lọ sí ìhà ibi tí ilẹ̀ àti òfurufú ti pàdé, dípò kí ó máa lọ sókè níbi tí kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ọ. Ọ̀gá tí ó wà ní Mọ̀rẹ̀, tí mo máa ń pè ní Bọ̀dá nítorí pé wọ́n jù mí lọ, gbọ́ mi lórí rẹ̀, wọ́n sì sọ pé, "Àbúrò, ohùn rẹ ti mọ́ wàyí, má wulẹ̀ yí nǹkan kan padà mọ́." Ó gba ẹni méjì láti gbé e dúró, ó sì gbọ́dọ̀ ní okùn tí a fi dè é mọ́lẹ̀ ní ìhà mẹ́ta, nítorí pé ìjì tí ó máa ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀ ní Iléṣà kì í ṣe ohun àfojúdi.

Mo yìn ín nítorí ohun mìíràn pẹ̀lú: gbogbo irin ara irú rẹ̀ ni ó so mọ́ ilẹ̀ láti ìdí. Ní àkókò ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ tí eruku sì ń fẹ́, àti ní ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kán, iná àìrí máa ń gbárajọ sára áńtẹ́nà tí kò so mọ́ ilẹ̀, yóò sì máa ta pàrà-pàrà nínú rédíò. Lórí èyí, iná náà rí ọ̀nà wọlẹ̀ kí ó tó di ariwo.

Síbẹ̀, ó yẹ kí n sọ ìwọ̀n ìyàtọ̀ náà bí ó ti rí. Ẹ̀yọ dB ni a fi ń wọn ìyàtọ̀ agbára: 3 dB túmọ̀ sí pé agbára di ìlọ́po méjì, àmì kan lórí míítà S ojú rédíò sì dúró fún 6 dB. Bí a bá gbé wọn sórí òpó kan náà, ohun tí áńtẹ́nà mítà 7 fi ju onídajì ìgbì lọ kò ju nǹkan bíi 1 dB lọ. Abẹ́rẹ́ míítà kò tilẹ̀ ní fi bẹ́ẹ̀ mira. Ní Òsú, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé mo pààrọ̀ nǹkan kan. Ní Mọ̀rẹ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń bọ́ sínú ariwo, ìwọ̀nba yẹn ni ó mú kí wọ́n lè gbọ́ ọ̀rọ̀ mi láìtún un sọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi iye dB ńlá tí wọ́n kọ sára páálí áńtẹ́nà tàn yín. Áńtẹ́nà onídajì ìgbì tí ó dúró láìsí ohunkóhun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní 2.15 dBi (ìyẹn dB tí a fi wé áńtẹ́nà àfinúrò tí ń fọ́n agbára káàkiri bákan náà), bí páálí kan bá sì sọ pé tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 10 dBi, kí olúwarẹ̀ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí ìyókù.

Ibi tí ó dùn mí pé àwọn ènìyàn kì í náwó sí ni wáyà. Bí wáyà RG-58 tín-ín-rín bá gùn tó mítà 25, yóò jẹ nǹkan bíi 2 dB nínú agbára kí ó tó dé òkè, èyí tí ó túmọ̀ sí pé nínú wáàtì 4, nǹkan bíi 2.5 ni ó délé áńtẹ́nà. RG-213 tí ó nípọn kò jẹ tó 1 dB ní gígùn kan náà. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ wáyà rẹ̀ báyìí ti jèrè ohun tí ẹlòmíràn ń ná owó áńtẹ́nà tuntun lé lórí. Bí RG-213 kò bá sì sí, wáyà díìṣì tí wọ́n ń tà ní ọjà Atakúmọ̀sà kì í jẹ agbára tó RG-58 rárá. Òótọ́ ni pé 75 ohm ni, ṣùgbọ́n àìbáramu náà kò ju 1.5 tí mo sọ lókè lọ. Ìṣòro rẹ̀ ni pé alumíníọ̀mù tí ó yí i ká kì í gba lẹ́ẹ̀dì, nítorí náà a ní láti fún un mọ́ ìdí kọnẹ́kítọ̀ dáadáa. Irú wáyà yòówù tí a bá lò, kí a fi téèpù rọ́bà wé ojú kọnẹ́kítọ̀ tí ó wà lókè, nítorí pé omi tí ó bá ti ibẹ̀ wọ inú wáyà kì í jáde mọ́, bí ó sì ti ń jẹ kọ́pà nínú lọ ni ohùn yóò máa rẹlẹ̀ láìsí ẹni tí yóò mọ ohun tí ó fà á.

Ẹni tí àwọn tí ó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ kò bá kọjá Òsú tàbí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, kí ó ṣe ẹlẹ́sẹ̀-mẹ́rin alumíníọ̀mù yẹn, kí ó sì fi owó tí ó bá ṣẹ́kù ra wáyà tí ó dára. Ẹni tí ó ń gbé ilé àyágbé, tí onílé kò ní gbà kí ó na ẹsẹ̀ irin lé òrùlé, onífáíbà ni ó tọ́ sí i, pẹ̀lú òrùka wáyà lábẹ́ rẹ̀. Mítà 7 ni mo fi sílẹ̀ lórí òpó tèmi, mo sì máa ń yọ wáyà rẹ̀ kúrò lẹ́yìn rédíò nígbàkígbà tí ojú ọ̀run bá ṣú, nítorí pé sísomọ́lẹ̀ kò lè dá àrá dúró bí ó bá sán lu òpó. Kì í ṣe áńtẹ́nà ni ohun tí mo fẹ́ yí padà báyìí. Gíga ni. Bí a bá gbé áńtẹ́nà láti mítà 6 lọ sí 12, ohun tí a óò jèrè fún ohùn tí ń gba orí ilẹ̀ lọ lè tó 6 dB, kò sì sí páálí áńtẹ́nà kankan ní ọjà tí ó lè mú ìlérí bẹ́ẹ̀ ṣẹ. Wẹ́dà ti wọn páìpù tí yóò fi gbé òpó mi dé mítà 12, bí òjò bá sì ti dá, a óò gbé e sókè.